Bí a ṣe ń ka ìwé IEP ọmọ kí a tó fọwọ́ sí i

“Tólú yóò tẹ̀síwájú nínú ìwé kíkà, yóò sì túbọ̀ máa fara balẹ̀ ní kíláàsì.”

Bí ẹ bá rí irú gbólóhùn yìí nínú ìwé tí ilé ìwé gbé fún yín lórí ọmọ yín, ẹ fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Ó dùn létí, kò sì sí òbí tí kò ní ṣàmín sí i, ṣùgbọ́n kò tíì sọ nǹkan kan. Kó tẹ̀síwájú láti ibo dé ibo? Ta ni yóò kọ́ ọ, lọ́jọ́ wo, fún wákàtí mélòó? Nígbà tí wọ́n bá gba ọlidé ní July, kí ni a máa wò ká tó sọ pé ó ti ṣẹ tàbí kò tíì ṣẹ? Àdúrà ni gbólóhùn bẹ́ẹ̀. Àdúrà dára, àmọ́ ètò ni ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn.

Ìwé tí à ń sọ yìí ni àwọn ilé ìwé l'Ékòó ń pè ní IEP, ìyẹn ètò ẹ̀kọ́ tí wọ́n dìídì gbé kalẹ̀ fún ọmọ kan ṣoṣo, nítorí pé ètò tí gbogbo kíláàsì ń tẹ̀ lé kò lè gbé e dé ibi tó yẹ kó dé. Ó lè jẹ́ ọmọ tó ní autism tàbí Down syndrome, ọmọ tí etí rẹ̀ kò gbọ́ dáadáa, tí ojú rẹ̀ kò ríran tó, tí ọ̀rọ̀ kò tètè yọ lẹ́nu rẹ̀, tàbí ọmọ tí orí rẹ̀ pé dáadáa ṣùgbọ́n tí lẹ́tà ń dàrú mọ́ lójú bó bá ti ṣí ìwé. Amẹ́ríkà ni fọ́ọ̀mù yìí ti wá, láti inú òfin kan tí wọ́n ṣe níbẹ̀ lọ́dún 1975, tí wọ́n wá yí orúkọ rẹ̀ padà sí IDEA lọ́dún 1990. Àwọn ilé ìwé aládàáni wa ló yá a lò. Àwọn mìíràn ń wo ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ń pè ní EHCP, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2014. Ìdí nìyẹn tí òbí kan ní Èbúté-Mẹ́tà fi lè di ìwé ojú ewé mẹ́jọ mú tí yóò dà bíi pé agbẹjọ́rò ló kọ ọ́, tí yóò sì rọra fọwọ́ sí i kí wọ́n má bàa rò pé òun kò kàwé.

Kò sóhun ìtìjú níbẹ̀. Nínú àwọn tó ń kọ ọ́ pàápàá, a rí àwọn tó jẹ́ pé fọ́ọ̀mù lásán ni wọ́n bá nílẹ̀, wọ́n kàn ń fi ọ̀rọ̀ dí àlàfo ni. Bí a bá kó àwọn gírámà kúrò, ìbéèrè mẹ́rin ló wà nínú IEP: ibo ni ọmọ wà báyìí, ibo la fẹ́ kó dé, kí ni a máa ṣe kó lè débẹ̀, báwo la ṣe máa mọ̀ pé ó ti dé. Bí ìdáhùn ọ̀kan bá sọnù, àwọn yòókù kò lè dúró.

Ṣé ọmọ mi nìyí?

Àwọn òbí sábà máa ń sáré lọ síbi tí wọ́n kọ àfojúsùn sí. Èmi a máa ní kí wọ́n padà sẹ́yìn. Apá tó sọ bí ọmọ ṣe wà lónìí ni kí ẹ kọ́kọ́ kà: ohun tó lè ṣe, ohun tí kò tíì lè ṣe. Ẹ kà á sókè kí ìyá àgbà tó ń bá yín mójú tó o náà gbọ́, kí ẹ wá bi ara yín pé, ṣé ọmọ wa nìyí? Bí télọ̀ kò bá wọn yín kó tó gé aṣọ, bó ti wù kí aṣọ náà lówó lórí tó, kò ní bá yín mu. Apá yìí ni wíwọ̀n. Ìwé tí ẹ kò bá ti rí ọmọ yín nínú rẹ̀ níbí, ẹ má wulẹ̀ kà síwájú. Ẹ ní kí wọ́n lọ tún un ṣe.

Èyí tó dára máa ń ní òǹkà àti àpẹẹrẹ nínú. “Ó mọ lẹ́tà 19 nínú 26. Ó máa ń fi b pe d. Bí a bá ka ìtàn sí i létí, ó ń dáhùn ìbéèrè lórí rẹ̀ láìṣì.” Nínú ìlà kúkúrú yìí, a ti mọ̀ pé ọmọ náà lóye ọ̀rọ̀, pé orí ìwé gan-an ni ìjà wà. Ẹ wá fi wé èyí tó kàn sọ pé “ó ń tiraka nínú èdè”. Ó tún yẹ kí ohun tí ọmọ mọ̀ ọ́n ṣe àti ohun tó fẹ́ràn wà níbẹ̀. Ẹni tó ka àléébù mẹ́wàá láìmẹ́nu ba ohun kan tó ń mú inú ọmọ dùn kò tíì mọ ọmọ náà. Bó jẹ́ ìlù ló fẹ́ràn, bó jẹ́ bọ́ọ̀lù, bó jẹ́ ọkọ̀ BRT tó ń kọjá ní Ìkòròdú Road, òun ni olùkọ́ tó gbọ́n fi ń fà á wọ inú ìwé.

Ohun tó sì máa ń ba wíwọ̀n yìí jẹ́ jù l'Ékòó ni èdè. Ọmọ tó ń gbé lọ́dọ̀ ìyá àgbà ní Ìsàlẹ̀ Èkó, tó jẹ́ pé Yorùbá ló ń gbọ́ láti òwúrọ̀ dalẹ́, wọ́n á gbé e jókòó síwájú ẹni tí kò mọ̀ rí, wọ́n á fi Gẹ̀ẹ́sì ní kó tọ́ka sí ladder nínú àwòrán. Yóò dákẹ́. Wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ pé èdè rẹ̀ ṣì wà níbi tí ti ọmọ ọdún mẹ́ta wà. Ẹ ní kó fi àkàbà hàn yín, ìka rẹ̀ á ti débẹ̀ kí ẹ tó pa ẹnu dé. Ọmọ tó ń gbọ́ èdè méjì, ọ̀rọ̀ tó mọ̀ nínú méjèèjì ni a ń kà pọ̀. Bó bá jẹ́ pé lóòótọ́ ni ọ̀rọ̀ sísọ ń fún un ní wàhálà, wàhálà náà á hàn nínú Yorùbá rẹ̀ bó ṣe hàn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà, ẹ béèrè: èdè wo lẹ fi yẹ̀ ẹ́ wò? Kí ìdáhùn náà sì wà nínú ìwé.

Ẹ̀yin tí wọ́n bá sì gbà nímọ̀ràn pé kí ẹ dáwọ́ Yorùbá dúró nínú ilé kí ọ̀rọ̀ lè tètè yọ lẹ́nu ọmọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà. Gbígbọ́ èdè méjì kì í fa kí ọ̀rọ̀ pẹ́ lẹ́nu ọmọ. Ẹni tí ẹ máa fi ìyẹn pa lẹ́nu mọ́ ni ìyá àgbà, bóyá òun ló sì ń bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ jù nínú ilé.

Etí àti ojú tún ń bẹ. Kí ẹnikẹ́ni tó kọ ọ́ pé ọmọ “kì í fetí sílẹ̀”, ṣé wọ́n ti yẹ etí náà wò? Ọmọ tí etí ń dùn lemọ́lemọ́ lè máa gbọ́ lónìí kó má gbọ́ lọ́la, olùkọ́ á sì pè é ní olórí kunkun. Ẹ̀ka tó ń tọ́jú etí, imú àti ọ̀fun wà ní LUTH ní Ìdí-Àràbà, ó wà ní LASUTH ní Ìkẹjà. Bó bá jẹ́ ìdàgbàsókè àti ìwà ni dókítà ní kí wọ́n yẹ̀ wò, Federal Neuropsychiatric Hospital ti Yábàá ní ẹ̀ka ọmọdé àti ọ̀dọ́ ní Òṣòdì. Mo mọ̀ pé orúkọ Yábàá nìkan ti tó láti mú kí mọ̀lẹ́bí máa wo ara wọn lójú. Ibi tí ọmọdé ti ń rí dókítà tó mọ̀ nípa ọmọdé ni, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ẹ sì sọ ohun tí ilé ìwé kò lè mọ̀. Ọmọ tó jí ní aago mẹ́rin àbọ̀ ní Ìkòròdú kí ọkọ̀ ilé ìwé lè gbé e gba Third Mainland Bridge lọ sí Erékùṣù, bó bá ń tòògbé ní aago mẹ́wàá, a kò nílò therapist láti ṣàlàyé ìyẹn.

Àfojúsùn tí ojú lè rí

Ẹ jẹ́ ká jókòó ti èyí díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ìwé púpọ̀ ti ń kùnà.

Ẹ mú gbólóhùn Tólú, kí a tún un kọ: “Lónìí, bí a bá gbé ìwé kíkà Primary 2 tí Tólú kò rí rí síwájú rẹ̀, ó ń ka ọ̀rọ̀ 15 ní ìṣẹ́jú kan. Kí sáà kẹta tó parí, yóò máa ka 40, kò sì ní ṣì ju mẹ́rin lọ. Olùkọ́ rẹ̀ yóò máa yẹ̀ ẹ́ wò ní ọjọ́ Jímọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì, yóò sì máa kọ òǹkà náà sílẹ̀.” Kò sí gírámà kankan níbẹ̀. Síbẹ̀ ìyá Tólú tó ń ta aṣọ ní Balógun lè fi fóònù rẹ̀ ṣọ́ ìṣẹ́jú kan nínú pálọ̀, kó ka ọ̀rọ̀ tí ọmọ rẹ̀ kà, kó sì mọ ibi tí nǹkan dé. Ohun tí mo máa ń bi gbogbo àfojúsùn nìyẹn: ṣé ẹni tí kì í ṣe olùkọ́ lè wò ó kó sì sọ pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ dá a padà.

Ẹ kíyè sí “tí kò rí rí” yẹn. Bí kò bá sí níbẹ̀, ìwé kan náà ni wọ́n á máa kà fún oṣù mẹ́ta. Ọmọ á há a sórí, òǹkà á gòkè, ẹ̀kọ́ kò sì kúrò lójú kan.

Fún ọmọ tí kò tíì máa sọ̀rọ̀, àfojúsùn gidi lè rí báyìí: “Bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́ tàbí tó fẹ́ lọ sí tọ́ílẹ́ẹ̀tì, yóò fúnra rẹ̀ mú àwòrán rẹ̀ fún olùkọ́, nígbà mẹ́rin nínú márùn-ún, fún ọ̀sẹ̀ méjì tẹ̀ léra, láìjẹ́ pé ẹnì kan rán an létí.” Àwọn òbí kan máa ń bínú sí àwòrán. Wọ́n á ní, “Ọ̀rọ̀ ni mo fẹ́ kó sọ, Àǹtí, n kò ní kó máa gbé káàdì kiri.” Ìdí tí wọ́n fi ń bínú yé mi. Àmọ́ fífún ọmọ ní ọ̀nà mìíràn láti sọ ohun tó fẹ́ kì í dí ọ̀rọ̀ lọ́nà. Ọmọ tó rí i pé òun béèrè omi tí wọ́n sì fún òun ti mọ ohun tí ọ̀rọ̀ wà fún.

Òǹkà náà lè di ẹ̀tàn o. Ilé ìwé kan náà á fi “ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún” parí gbogbo ìlà, torí pé bẹ́ẹ̀ ni fọ́ọ̀mù rí. Ẹ rò ó wò: “Yóò wo ọ̀tún wo òsì kó tó sọdá ní Adéníran Ògúnsànyà, ní ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún.” Ẹ̀ẹ̀kan nínú márùn-ún ńkọ́? Ó yẹ kí ẹni tó kọ òǹkà lè sọ ìdí tó fi mú òǹkà yẹn.

Èyí tó kan ìwà ni kí ẹ fara balẹ̀ kà jù. “Kò ní pariwo mọ́.” “Yóò jókòó jẹ́ẹ́ fún 40 ìṣẹ́jú.” Ta ló ń jàǹfààní? Ọmọ ọdún mẹ́fà mélòó ló ń jókòó jẹ́ẹ́ fún 40 ìṣẹ́jú, kódà nínú àwọn tí kò ní IEP? Ọmọ tó ń pariwo ń sọ nǹkan kan. Bóyá jẹnẹrétọ̀ tó wà lẹ́yìn fèrèsé ni, bóyá iṣẹ́ náà le jù, bóyá ó ti pẹ́ tó ti fẹ́ jáde. Àfojúsùn ìwà tó péye á sọ ohun tí a rò pé ó ń fà á, á sì sọ ohun tí ọmọ máa ṣe dípò ariwo: á gbé ọwọ́ sókè, á mú káàdì pupa, á lọ sí igun kan tí a ti pèsè sílẹ̀ fún un. Bí ìwé bá gba ariwo lọ́wọ́ rẹ̀ láìfi nǹkan míì rọ́pò, ẹnu rẹ̀ ni wọ́n gbà.

Iye àfojúsùn náà? Mẹ́ta sí márùn-ún ti tó fún ọdún kan lójú tèmi. Ìwé tó bá to ogún sílẹ̀, kò sẹ́ni tó máa ṣe gbogbo rẹ̀.

Ta ni yóò ṣe é, nígbà wo?

“Tólú yóò máa rí speech therapist bó bá ti yẹ.” Speech therapist ni ẹni tó ń ran ọmọ lọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ sísọ. Ẹ ṣọ́ra fún “bó bá ti yẹ”. Ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ ni iye ìṣẹ́jú, iye ìgbà lọ́sẹ̀, bóyá òun nìkan ni tàbí òun àti àwọn ọmọ mélòó, ibi tí wọ́n á ti ṣe é, àti irú ẹ̀kọ́ tí ẹni náà kọ́. Ẹ ṣírò rẹ̀. 30 ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, nínú sáà ọ̀sẹ̀ 12, wákàtí 12 péré ni. Ẹ yọ ìsinmi àárín sáà kúrò, ẹ yọ inter-house sports, ẹ yọ ọjọ́ ọdún, ẹ yọ ọjọ́ tí òjò June dí ọ̀nà tí therapist kò fi lè dé. Kí ló kù? Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹ béèrè ìwé tí wọ́n ń kọ ọjọ́ tí iṣẹ́ wáyé sí, kí ẹ sì béèrè bí wọ́n á ṣe dá èyí tó fò padà.

Kí ọmọ máa ṣe é pẹ̀lú ẹgbẹ́ kò burú. Fún ọmọ tó ń kọ́ bí a ṣe ń bá ọmọ míì ṣeré, ó tiẹ̀ sàn ju kó dá nìkan wà lọ. Kí wọ́n ṣáà kọ ọ́ síbẹ̀ ni, torí wọn kì í gba iye owó kan náà fún méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ shadow wá jẹ́ tiwa gan-an l'Ékòó. Ìyẹn ẹni tó ń jókòó ti ọmọ ní kíláàsì. Lọ́pọ̀ ilé ìwé aládàáni, òbí ló ń sanwó rẹ̀, nígbà mìíràn òbí náà ló ń wá a kiri, síbẹ̀ kò sí ibì kankan nínú IEP tí wọ́n ti dárúkọ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀: ta ló gbà á síṣẹ́, ta ló ń kọ́ ọ níṣẹ́, kí ló gbọdọ̀ ṣe, kí ni kò gbọdọ̀ ṣe. Shadow tó ń bá ọmọ kọ nóòtì, tó ń bá a dáhùn, tó ń dì í ní okùn bàtà, ìwé Tólú á mọ́ tónítóní, Tólú kò sì ní mọ nǹkan kan. Olùkọ́ kíláàsì tí kì í pe ọmọ náà mọ́, tó jẹ́ “lọ bá Àǹtí ẹ” ló ń sọ fún un lójoojúmọ́, ti lé ọmọ náà jáde bó tilẹ̀ jókòó síbẹ̀. Kí ìwé náà sọ bí shadow ṣe máa rọra yẹra: oṣù yìí ẹ̀gbẹ́ ọmọ, oṣù tó ń bọ̀ ẹ̀yìn kíláàsì.

Ọ̀nà tí a yí padà àti iṣẹ́ tí a dín kù

Ojú kan náà ni ọ̀pọ̀ òbí fi ń wo nǹkan méjì yìí, àmọ́ ọ̀nà wọn jìn síra bíi tilé àtoko. Bí a bá tẹ ìbéèrè ní lẹ́tà ńlá fún ọmọ tí ojú rẹ̀ kò ríran tó, tí a fi ìṣẹ́jú kún àkókò rẹ̀, tí a ka ìbéèrè sí i létí, tí a gbé e jókòó síwájú kó lè máa wo ẹnu olùkọ́, ẹ̀kọ́ kan náà ló ń kọ́ pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọ̀nà nìkan ló yàtọ̀. Ṣùgbọ́n bí àwọn yòókù bá ń ṣe ìdá, tí òun ń ka ìlẹ̀kẹ̀, iṣẹ́ ni a dín kù yẹn. Ìgbà mìíràn ohun tó yẹ kí a ṣe gan-an nìyẹn, kò sì sí ẹ̀gàn níbẹ̀. Ohun tó burú ni kí wọ́n máa dín in kù lọ́dọọdún láìsọ fún yín, kí rìpọ́ọ̀tù máa gbé A àti B wálé, kí ẹ wá dé JSS 3 kí ẹ rí i pé ìṣirò Primary 3 ló ṣì wà.

Ìdánwò ìta kì í dín ẹ̀kọ́ kù fún ẹnikẹ́ni. WAEC ní ètò fún akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ríran àti àwọn mìíràn tó ní ìpèníjà, láti orí ìwé Braille dé orí àfikún àkókò. JAMB náà ní ètò tí wọ́n ń pè ní JEOG fún àwọn tí kò ríran. Ọ̀nà ni wọ́n ń yí padà, síláàbọ́ọ̀sì dúró bó ṣe wà. Ilé ìwé ló sì máa kọ ọ́ nígbà ìforúkọsílẹ̀. Bó bá ti jẹ́ pé láti JSS 1 ni ọmọ ti ń gba àfikún àkókò, tó wà nínú IEP rẹ̀ tí ìwé dókítà sì wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ní ohun tí ẹ máa fi hàn. Ẹ béèrè lórí ìlà kọ̀ọ̀kan nínú apá yìí: “Àǹtí, ṣé ọ̀nà lẹ yí padà níbí ni, àbí iṣẹ́ lẹ dín kù?”

Ọjọ́ ìpàdé

Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé náà ránṣẹ́ sí yín ní bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Ìwé tí ẹ kọ́kọ́ rí lórí tábìlì, níwájú ọ̀gá ilé ìwé, olùkọ́ kíláàsì àti therapist méjì, kò sí bí ẹ ṣe lè kà á yé. Kí bàbá náà wá, tàbí àbúrò yín kan tí yóò máa kọ nǹkan sílẹ̀ bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá ní kí ẹ fọwọ́ sí i lójú ẹsẹ̀, ọ̀wọ̀ kò ní kí ẹ gbà:

“Mọ́mì Tólú, ẹ kan bá wa fọwọ́ síbí.”

“Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí, ẹ ṣeun lórí ọmọ wa. Mo máa mú un lọ sílé kí dádì rẹ̀ náà kà á. Tó bá di Mọ́ńdè, màá dá a padà.”

Kò sí olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ tí ìyẹn máa bí nínú. Bí ẹ bá ní láti fọwọ́ sí i pé ẹ wà níbẹ̀, ẹ kọ “mo wá sí ìpàdé” sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, torí wíwá sípàdé yàtọ̀ sí gbígbà. Bí ẹ bá délé, ẹ kọ ìlà mẹ́ta tàbí mẹ́rin lórí WhatsApp tàbí íméèlì sí ilé ìwé: ohun tí a fẹnu kò sí, ẹni tó máa ṣe é, ọjọ́ tó máa bẹ̀rẹ̀. Ìlérí ẹnu máa ń tètè gbàgbé ara rẹ̀ tí olùkọ́ bá kúrò níṣẹ́, olùkọ́ a sì máa kúrò níṣẹ́ nílùú yìí.

Òfin Amẹ́ríkà ní kí wọ́n tún ètò wò ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí wọ́n sì tún ọmọ yẹ̀ wò láti ìbẹ̀rẹ̀ láàárín ọdún mẹ́ta. Fún wa tí sáà wa jẹ́ mẹ́ta, mo rò pé òpin sáà kọ̀ọ̀kan ló bójú mu. Ẹ gbé ìwé àtijọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun, kí ẹ fi ìka tẹ̀ lé wọn ní ìlà-ìlà. Bí àfojúsùn kan bá ti ń padà wá fún sáà mẹ́ta láìyí padà, ẹ má bi wọ́n pé kí ló ṣe ọmọ mi. Ẹ bi wọ́n pé: “Kí lẹ ti yí padà nínú bí ẹ ṣe ń kọ́ ọ?” Bí ọmọ bá sì ti dé ibi àfojúsùn kan ní October, kí ló dé tí àfojúsùn náà ṣì wà nínú ìwé ní March? Ó sì tún máa ń ṣẹlẹ̀ pé kí orúkọ ọmọ ẹlòmíì yọ ní ojú ewé kẹrin. Nígbà náà, ẹ ti mọ bí wọ́n ṣe kọ ọ́.

Ohun tí òfin wa sọ

Bí ẹ bá rí “gẹ́gẹ́ bí òfin IDEA ti wí” nínú IEP ọmọ yín, ẹ mọ̀ pé kò sí adájọ́ ní Ìkẹjà tó máa fi ìyẹn gbọ́ ẹjọ́. Tiwa wà. Òfin àpapọ̀ tó lòdì sí yíya àwọn akàndá ẹ̀dá sọ́tọ̀, tí wọ́n ń pè ní ti 2018, tí Ààrẹ Buhari sì fọwọ́ sí ní January 2019, sọ pé ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ wọn títí dé òpin sẹ́kọ́ńdírì. Ó ní kí gbogbo ilé ìwé ìjọba jẹ́ èyí tí wọ́n lè lò, kí ilé ìwé kọ̀ọ̀kan ní ó kéré tán ẹnì kan tó kọ́ṣẹ́ nípa ẹ̀kọ́ wọn àti àwọn ohun èlò tó yẹ. Ẹnikẹ́ni tó bá fi ìpèníjà ara ya ènìyàn sọ́tọ̀ lè san owó ìtanràn ₦100,000 tàbí kó lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà. Tó bá jẹ́ iléeṣẹ́, ₦1,000,000. Ìtanràn yẹn kò yọ ilé ìwé aládàáni sílẹ̀. Èkó ti ní tirẹ̀ ṣáájú, lọ́dún 2011, òun ló dá LASODA sílẹ̀, ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn akàndá ẹ̀dá ní ìpínlẹ̀ yìí. Ibẹ̀ ni ẹ lè gbé ẹ̀dùn yín lọ bí ilé ìwé bá kọ̀ tí kò dá yín lóhùn. Bí ọ̀rọ̀ bá le ju bẹ́ẹ̀ lọ, Office of the Public Defender ti ìjọba Èkó máa ń gba ẹjọ́ láìgba owó lọ́wọ́ ẹni tí kò ní.

Ẹ kọ́kọ́ kọ lẹ́tà sí ilé ìwé fúnra rẹ̀ ná. Ọ̀pọ̀ ìjà á parí síbẹ̀ bí lẹ́tà náà bá dá lórí ìlà kan pàtó nínú IEP: “Ẹ kọ ọ́ pé ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Láti January, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta péré ló wáyé.” Èyí ni èrè ìwé tí wọ́n kọ dáadáa. Ẹ kò lè mú ẹnikẹ́ni lórí “yóò tẹ̀síwájú”.

Ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká ilé ìwé aládàáni, kí ó mọ̀ pé ìwé yìí tọ́ sí i bákan náà. Àwọn ilé ìwé ìjọba kan ní ẹ̀ka fún àwọn ọmọ yìí láàárín ẹgbẹ́ wọn. Wesley wà ní Súrùlérè fún àwọn tí kò gbọ́ràn, Pacelli wà níbẹ̀ láti 1962 fún àwọn tí kò ríran, Modupe Cole sì wà ní Àkọkà fún àwọn ọmọ tó ní ìpèníjà ọpọlọ. Ẹ béèrè ètò ọmọ yín níbẹ̀ pẹ̀lú, kódà bó jẹ́ ojú ewé kan tí olùkọ́ fi ọwọ́ kọ. Ojú ewé kan tó dáhùn ìbéèrè mẹ́rin yẹn sàn ju mẹ́jọ tí kò dáhùn ọ̀kan.

Ó ku ti pípààrọ̀ ilé ìwé, pàápàá láti Primary 6 sí JSS 1, níbi tí fáìlì ti máa ń sọnù jù. Kí ẹ tó san owó tuntun, ẹ gba ẹ̀dà IEP tó kẹ́yìn, àbọ̀ àyẹ̀wò, àti òǹkà tí olùkọ́ ti ń kọ sílẹ̀ ní gbogbo sáà, kí ó wà lọ́wọ́ yín nílé. Ilé ìwé tuntun lè ní àwọn fẹ́ kọ́kọ́ wo ọmọ náà fúnra wọn fún odidi sáà kan. Ẹ gbà kí wọ́n wò ó, àmọ́ ẹ sọ fún wọn pé kí àfikún àkókò rẹ̀ àti ìjókòó rẹ̀ níwájú ti bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́.